Ohun tí Bámiṣayọ̀ Yọ Kúrò Nínú Orin

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́, mo kí yín. Mo kí ẹni tó ń kà á nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, mo sì kí ìyá tó ń kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tó ń hó. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá etí mọ́ wa lórí, tó sì jẹ́ kí ohùn àwọn tó ti sùn nínú Olúwa ṣì máa bá wa gbé. Bí àyà yín bá já níbì kan nínú ìtàn yìí, ẹ má pa ìwé dé. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Ọ̀sán Sátidé kejì nínú oṣù ni àwọn olùfẹ́ orin máa ń pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù Yàhàyá ní Lugbe, lẹ́bàá olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa. Ọmọ Ìlọrin ni Yàhàyá, ẹ̀rọ orin ló ń tún ṣe: rédíò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo, gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Òfin ìpàdé wọn kò ju ẹyọ kan lọ. Kí oníkálukú mú orin kan tó fẹ́ràn wá, kí ó sọ ìdí tó fi fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dákẹ́ gbọ́ ọ, wọ́n á sì wá jiyàn títí lórí èyí tí ohùn rẹ̀ dára jù, ti àwo ńlá ni o, ti kásẹ́ẹ̀tì ni o, àbí ti orí fóònù.

Oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni Kíkẹ́olúwa Ọlápàdé kọ́kọ́ débẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Kubwa. Orin ìyìn kan tó wà lórí fóònù rẹ̀ ló mú wá, orin náà sì dùn mọ́ ọn dé ibi pé ó di ojú gbọ́ ọ. Nígbà tó la ojú, ó rí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń mi orí.

"Kí ló dé, Bùrọ̀dá? Ṣé orin yìí kò dára ni?"

"Orin náà dára gan-an, Àǹtí. Àwọn tó gbà á sílẹ̀ ni wọ́n fún un lọ́rùn."

"Wọ́n fún orin lọ́rùn?"

"Ẹ tún un gbọ́. Ìlù, dùùrù, ẹni tó ń kọrin, gbogbo wọn ga bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti rọra sọ̀rọ̀. Ó dà bí ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ẹ̀yin wá lẹ mọ orin ju Ọlọ́run tí wọ́n kọ ọ́ fún lọ?"

Ẹ̀rín bú. Yàhàyá pàtẹ́wọ́. "Kai! Bámiṣayọ̀, ọwọ́ tíṣà tẹ̀ ọ́ lónìí!"

Bámiṣayọ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun ló ń bá Yàhàyá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kó orin inú kásẹ́ẹ̀tì àti àwo àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí ó sì yọ ariwo kúrò lára wọn. Ó gbé àwo jùjú kan sórí ẹ̀rọ, àwo tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti àwọn méjèèjì lọ.

"Ẹ di ojú, Àǹtí. Ẹ wá ẹsẹ̀ kan nínú ẹ̀."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ẹsẹ̀ ẹni tó ń ta gìtá. Ó ń fi lu ilẹ̀."

Kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́ẹ̀kejì ló gbọ́ ọ, lábẹ́ gìtá, lábẹ́ ìlù, gìrì, gìrì, ẹsẹ̀ ènìyàn kan tó ṣeé ṣe kó ti kú. Ẹsẹ̀ yẹn ló gbé padà sí Kubwa lọ́jọ́ náà, kì í ṣe orin.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi orin ránṣẹ́ sí ara wọn. "Gbọ́ ìṣẹ́jú kẹta," ni Bámiṣayọ̀ máa ń kọ. "Obìnrin tó ń gbè é gbàgbé ọ̀rọ̀ orin, ó sì rẹ́rìn-ín." Kíkẹ́olúwa á gbọ́ ọ, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì fi orin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ránṣẹ́ padà. "Ìwọ náà gbọ́ èyí. Wọn ò gbà á sílẹ̀ dáadáa, mo mọ̀. Fi ọkàn gbọ́ ọ, má fi etí ẹ tó le yẹn gbọ́ ọ." Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, Bámiṣayọ̀ kò pè é ní Àǹtí mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ní ibùdókọ̀ Kubwa, láàárín àwọn tó ń pe èrò, ó sọ ọ́.

"Kíkẹ́, mo fẹ́ máa gbọ́ ohùn rẹ láìsí ẹ̀rọ kankan láàárín wa. Títí ọjọ́ ayé."

Inú Kíkẹ́olúwa dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ṣé èmi ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn, àbí ohùn mi? Ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí nínú bọ́ọ̀sì, ó bi í lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti bàbá rẹ̀.

Alàgbà Ọlápàdé ti fẹ̀yìntì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó sì darí akọrin ìjọ wọn ní Kubwa fún ọdún méjìdínlógún. Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀, tó ní ohùn tó dára jù nínú ẹgbẹ́ akọrin, kú nígbà tí Kíkẹ́olúwa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Bàbá kò fẹ́ ẹlòmíràn. Òun ló tọ́ ọmọ náà dàgbà, ó ń fi ìwé orin kọ́ ọ ní ìwé kíkà, títí ọmọ fi di olùkọ́. Ní àárọ̀ gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì kan sínú rédíò rẹ̀ àtijọ́, á sì jókòó tì í. Orin ẹsẹ mẹ́ta kan ló wà nínú rẹ̀, bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ ló dá a kọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀.

Nígbà tí Bámiṣayọ̀ kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ náà, bàbá kò tètè ní kó dìde.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mo ń tún orin àtijọ́ ṣe, sà."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ariwo máa ń wà lára wọn, sà. Mo máa ń yọ ọ́."

"Bí ẹni tó ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ọkà."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ìwọ mọ ìyàngbò yàtọ̀ sí ọkà?"

Nígbà tí Bámiṣayọ̀ lọ tán, bàbá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọdún méjìdínlógún ni mo fi darí akọrin. Mo mọ irú àwọn ọkùnrin yìí. Ohùn ni wọ́n ń fẹ́ràn, wọn kì í fẹ́ràn ẹni tó ni ohùn. Mi ò gbà."

Ọ̀rọ̀ tó ń ba Kíkẹ́olúwa náà lẹ́rù ni bàbá gbé sọ.

Oṣù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ dúró bẹ́ẹ̀. Yàhàyá ló padà ṣe alárinà. Ó wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀, ó gba Kubwa lọ.

"Bàbá Alàgbà, Mùsùlùmí ni mí, ẹ̀yin jẹ́ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Ọlọ́run tó ń gbọ́ wa méjèèjì ló mọ̀ pé mi ò wá purọ́. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ yìí ti wà lọ́dọ̀ mi. Ó máa ń pẹ́ jẹun. Ó máa ń gbàgbé àgbòjò sínú bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi sí i lọ́wọ́, kì í fi ṣeré."

"Ẹnu ẹ dùn, Àlùfáà."

"Èmi kọ́ ni Àlùfáà o, bàbá. Ẹ máa pe Àlùfáà, ìyàwó mi á gbọ́, á ní kí n máa ṣe wáàsù nílé."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, aṣọ ìnujú funfun ló fi wé e. "Etí mi ti ń di. Ohun kan wà nínú ibí yìí tí mi ò gbọ́ dáadáa mọ́. Kí ọmọ yẹn tún un ṣe. Bí mo bá gbọ́ ọ, kí àwọn òbí rẹ̀ wá."

Kò sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Yàhàyá náà kò béèrè. Gbogbo wọn rò pé ohùn orin ni.

Yàhàyá ní òfin kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí o bá yọ kúrò lára orin, má dà á nù. Tọ́jú rẹ̀ síbì kan nínú kọ̀ǹpútà, kí o sì jókòó gbọ́ ọ kó o tó fi iṣẹ́ jíṣẹ́, bóyá o ti yọ ohun tí kò yẹ kúrò. Ọdún mẹ́fà ni Bámiṣayọ̀ fi pa òfin náà mọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Àwọn òbí rẹ̀ ní Òṣogbo ń pè é lójoojúmọ́, wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Nígbà tó yọ ariwo téèpù àti ariwo òjò tán, ohùn Ìbídùnní jáde kedere bí ẹni pé ó dúró sí iwájú rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yìn Ọlọ́run, ó sì gbé iṣẹ́ lọ. Kò gbọ́ èyí tó yọ.

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ní pálọ̀. Bàbá, ọmọ, àti Bámiṣayọ̀ tó ti gé irun. Orin bẹ̀rẹ̀. Kíkẹ́olúwa fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò gbọ́ ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ kìíní tán, ẹsẹ kejì tán. Bàbá na ọrùn síwájú, ó dúró. Ẹsẹ kẹta bẹ̀rẹ̀.

"Dá a padà," ni bàbá wí.

Bámiṣayọ̀ dá a padà.

"Láàárín ẹsẹ kejì àti ẹsẹ kẹta. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ó dákẹ́ rọ́rọ́ níbẹ̀, sà. Òjò nìkan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì ti yọ ọ́."

"Òjò nìkan?" Bàbá dìde. Ó gba kásẹ́ẹ̀tì, ó tì í bọ inú rédíò rẹ̀ àtijọ́, ó ń dá a padà sí ibẹ̀ yẹn, ó ń gbọ́ ọ, ó tún ń dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ohùn náà fà, ó wú, ó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnu rédíò, téèpù ti lọ́ mọ́ inú rẹ̀ bí òwú. Wọ́n rọra fà á yọ, ṣùgbọ́n ó ti fún pọ̀, ó sì ti já.

Bàbá gbé ìdí lé àga.

"Má tún wá síbí mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà…"

"Mi ò bínú nítorí téèpù. Èmi ni mo já a. Ṣùgbọ́n o sọ nǹkan nù, o ò tilẹ̀ mọ̀ pé o sọ ọ́ nù. Lọ́jọ́ iwájú, bí ọmọ mi bá rọra sọ̀rọ̀ nílé rẹ, ṣé o máa gbọ́ ọ?"

Kò sí ẹni tó jẹun nínú ilé náà lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣíwọ́, Kíkẹ́olúwa bá Bámiṣayọ̀ lẹ́nu géètì. Ojú ọkùnrin náà ti wọ inú.

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Bàbá rẹ sọ òótọ́. Mo kánjú."

"Kí ló wà níbẹ̀, Bámi? Kí ni bàbá mi ń wá?"

"Mi ò mọ̀. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi."

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kọjá, wọ́n ń kí tíṣà wọn. Lẹ́yìn náà ni Kíkẹ́olúwa béèrè ohun tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan lè béèrè.

"Ohun tí o yọ yẹn, ibo lo kó o sí?"

Bámiṣayọ̀ wò ó. Ó fa fóònù yọ, ó tẹ nọ́ńbà Yàhàyá. Fóònù náà kò lọ.

"Ó wà nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù ni ọ̀gá máa ń pa gbogbo ohun tí a yọ rẹ́ kí àyè lè wà. Bó bá ti ń ti mọ́ṣáláṣí dé ló máa ń ṣe é."

"Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù dà?"

"Òní ni."

Wọ́n sáré wọ bọ́ọ̀sì. Láti Kubwa dé Berger, Bámiṣayọ̀ pe fóònù náà ní ìgbà mẹ́rìnlá. Ní Berger, awakọ̀ tó ń lọ sí Lugbe ní èrò òun kò tíì pé, ó jókòó ń jẹ ẹ̀pà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ," ni Kíkẹ́olúwa wí. "Mádáàmù, ó ku èèyàn méjì." "Èmi ni èèyàn méjì yẹn. Màá san tiwọn." Awakọ̀ wò ó, ó gbọn ìyàngbò ẹ̀pà dànù, ó ṣáná sọ́kọ̀.

Kíkẹ́olúwa tẹ orí ba. Ọmọ ìjọ ni láti inú ìyá rẹ̀ wá, ó mọ àdúrà gbà, ṣùgbọ́n kò gba irú èyí rí. Olúwa, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí wáàsù Lèmọ́mù Lugbe gùn lónìí. Jẹ́ kí ó rántí ìtàn kan, kí ó sì tún rántí òmíràn.

Nígbà tí wọ́n dé, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ti ṣí. Yàhàyá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" ni àwọn méjèèjì pariwo.

Yàhàyá gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. "Kí ni mo ṣe? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni! Wáàsù gùn lónìí bíi kó má tán, ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ mi lára."

Kíkẹ́olúwa bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ṣì wà níbẹ̀. Bámiṣayọ̀ ṣí i. Ariwo téèpù kọ́kọ́ jáde, ṣààà, lẹ́yìn náà òjò lórí páànù ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí orin ti wà ṣófo, òjìji ohùn lásán ló kù níbẹ̀. Wọ́n dúró, ojú wọn lórí ìṣẹ́jú tó ń yí. Ẹsẹ kìíní kọjá. Ẹsẹ kejì kọjá.

Èémí obìnrin kan. Lẹ́yìn náà ìkùnsínú ọmọ ọwọ́ kan tó fẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́, lábẹ́ òjò, ohùn tí kò kọrin rárá:

"Kíkẹ́, dákẹ́, ọmọ mi. Ó ku ẹsẹ kan."

Yàhàyá bọ́ fìlà. Kíkẹ́olúwa ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárín wáyà. Ohùn ìyá rẹ̀ nínú orin ló mọ̀ láti kékeré. Kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti pe orúkọ òun rí níbì kan tí òun lè gbọ́. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà lọ́jọ́ náà.

"Tún un ṣí fún mi," ni ó wí.

Bámiṣayọ̀ kò gbé ọwọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ná, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dúró títí Kíkẹ́olúwa fi mí kanlẹ̀. Nígbà náà ló tó dìde lọ tún un ṣí. Kíkẹ́olúwa kíyè sí i. Ìbéèrè tó ti ń bi ara rẹ̀ látìgbà yìí, bóyá òun ni àbí ohùn òun, kò tún wá sí i lọ́kàn mọ́.

"Màá pa méjèèjì pọ̀," ni Bámiṣayọ̀ wí. "Èyí tó mọ́ àti èyí tí mo yọ. Bí mo bá tò wọ́n mọ́ra bó ṣe yẹ, orin á padà sí bó ṣe wà kí n tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n fún mi ní ọ̀la. Mi ò ní kánjú lẹ́ẹ̀kejì."

Ní gbogbo Sátidé, Kíkẹ́olúwa ń wo bàbá rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Bó bá sọ, tí nǹkan sì tún bàjẹ́ ńkọ́? Bàbá kò jáde ní yàrá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí Bámiṣayọ̀ wọlé, bàbá ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó ti rédíò tí kò ní nǹkan kan nínú. Ó wo ọmọkùnrin náà, agara ti dá a láti bínú.

"Mo ní kí o má wá mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo wá dá ohun tí mo mú lọ padà ni. Lẹ́yìn náà màá lọ."

Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ńlá bo etí bàbá, etí méjèèjì, jẹ́jẹ́. Orin bẹ̀rẹ̀. Kíkẹ́olúwa kò gbọ́ nǹkan kan níta, ojú bàbá rẹ̀ nìkan ló ń wò. Òjò ti padà, ó mọ̀ ọ́n lójú bàbá. Ẹsẹ kìíní. Ẹsẹ kejì. Bàbá na ọrùn síwájú.

Omi ṣàn wá sínú irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, kò nù ún.

Ẹ̀rù ba Bámiṣayọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. "Ṣé kí n dá a dúró, sà?"

Bàbá di ọwọ́ náà mú, kò sì fi í sílẹ̀.

"Má dá a dúró," ni ó wí. "Ó ku ẹsẹ kan."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí orin fi tán, ọwọ́ nínú ọwọ́. Nígbà tí bàbá yọ nǹkan náà kúrò létí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"O padà lọ wá a," ni ó wí.

"Kíkẹ́ ló béèrè ibi tó wà, sà."

"Ìwọ náà sì gbọ́ ọ nígbà tó béèrè." Ó nu ojú. "Sọ fún àwọn òbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀. Ọjọ́ yòówù tó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi o. Èmi àti ìyàwó mi máa ń jókòó ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi."

Ìwọ tó ka ìtàn yìí dé ibí, Olúwa tó ní kí wọ́n kó àjẹkù búrẹ́dì jọ kí ohunkóhun má bàa ṣòfò, yóò kó tìrẹ náà jọ. Ohun tí o fi ìkánjú sọ nù, kí Ó bá ọ tọ́jú rẹ̀ títí wàá fi padà wá béèrè. Kí Ó fún ọ ní ẹni tí yóò gbọ́ ọ nígbà tí o bá rọra sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì rẹ̀ ọ́ lónìí, kí o gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ náà tó ń sọ fún ọ pé ó ku ẹsẹ kan. Àmín.